Bí mo ṣe dí ihò sudo lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan ní Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Ṣágámù ló ní kí n wá bá òun yẹ ẹ̀rọ òun wò. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Ubuntu 20.04 (irú Linux kan) ló wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ṣe update sí wọn rí látìgbà tí wọ́n ti dé. Sudo, ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ ṣe iṣẹ́ ọ̀gá lórí ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni àwọn Qualys, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, tú àṣírí àléébù kan tó ti wà nínú sudo láti 2011. Baron Samedit ni wọ́n pè é, nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn àléébù ni CVE-2021-3156. Bí ọ̀rọ̀ tí a fún sudoedit -s (sudoedit ni apá sudo tó wà fún títún fáìlì ṣe) bá parí sí àmì \, sudo á fo àmì ìparí ọ̀rọ̀ kọjá, á sì máa da ohun tó bá bá níwájú sínú àyè mẹ́mórì tí kò lè gbà á. Bí onígàrí ọjà Fálàwò bá ń da gàrí sí kóńgò tó ti kún, orí èlùbọ́ ẹni tó pàtẹ tì í ló máa dà sí. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á wá ṣètò ohun tó máa dà síbẹ̀, á di root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, láìní password ẹnikẹ́ni.

Mo wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ lásán, mo tẹ:

sudoedit -s /

"Bùròdá, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?" Ọmọ tó jókòó tì mí ló ń béèrè. Mo ní rárá, a kàn ń dán an wò ni. Èsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sudoedit:", ihò ṣì wà nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá ti tún ṣe, "usage:" ló máa kọ́kọ́ sọ.

Dátà fóònù mi ò lè gbé gbogbo wọn. Mo ṣe sudo apt update lórí ẹyọ kan, mo tẹ apt download sudo (kò tó MB kan), mo fi fláàṣì gbé e kiri, mo ń fi sudo dpkg -i gbé e wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú rèé: 1.9.5p2 ni àwọn tó ni sudo fi àtúnṣe sí, àmọ́ sudo -V ṣì ń pe ara ẹ̀ ní 1.8.31. Ubuntu mú àtúnṣe náà wá sínú ti àtijọ́ ni. Ìrù nọ́ńbà tí dpkg -l sudo bá gbé jáde ni kẹ́ ẹ wò: 1.8.31-1ubuntu1.2 sókè ti dáa. Èmi ò tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà, mo tún tẹ sudoedit -s / lórí gbogbo wọn. "usage:" ni wọ́n ń dáhùn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún 20.04 ti parí ní 2025, ká gbé wọn lọ sí 24.04. Wọ́n ní ó di ìgbà ọlidé.