Ẹ wo ẹni tó ti rí owó gbà ná

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìkéde là ń kà kiri tá a bá ń wá owó ìwádìí. Ẹ wo àwọn tó ti rí owó gbà ná.

Ẹ lọ sí NIH RePORTER, ìkànnì tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń to iṣẹ́ tí wọ́n fún lówó sí; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú Nigeria níbi tí wọ́n ti ń yan orílẹ̀-èdè, kí ẹ tẹ àìsàn tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, bíi "sickle cell". Ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà, iye owó àti ẹ̀ka tó san án á jáde. Tí ẹ bá rí K43 nínú nọ́ńbà rẹ̀, ètò Fogarty, ẹ̀ka NIH tó ń rí sí ìlera àgbáyé, nìyẹn, fún àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Níbi iṣẹ́ tí mo wà nígbà kan ní Òṣogbo níbí, a kọ gbogbo ìwé tán, la bá rí i pé ìforúkọsílẹ̀ wa lórí SAM.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ ń forúkọ sílẹ̀ sí kó tó lè bèèrè owó wọn, ti kú. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí àkókò ìbéèrè owó náà tó parí! Mo dúró ní Òkè-Fìà, mò ń wo fóònù bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Ẹ bi ọ́fíìsì yín lónìí bóyá ìforúkọsílẹ̀ SAM.gov yín kò tíì kú. "Ó wà ńlẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn o, ẹ ní kí wọ́n fi déètì tó máa parí hàn yín.