Bí A Ṣe Ń Yan Wáyà Iná fún Ilé

Ẹni tó ń kọ́lé ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀ffà kì í sábà ṣahun tó bá kan òrùlé àti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bó bá di ti wáyà, èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ló máa ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wáyà tí a ti fi sínú ògiri, tí a sì ti rẹ́, kò ṣeé pààrọ̀ wẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ tí wáyà fẹ́ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe wáyà ni bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà onígun mẹ́rin (mm²). Wáyà 1.5 tó fún gílóòbù; 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. 4 ni kí ẹ rà fún ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Láti mọ iná tí ẹ̀rọ kan ń fà, ẹ fi 230, tí í ṣe fólítì iná ilé wa, pín wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ẹ̀rọ 3,000 wáàtì yóò fa nǹkan bí 13 áńpìà. Bírékà (ohun tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí iná tí à ń fà bá ti pọ̀ jù) 20 áńpìà ló bá wáyà 2.5 mu, bí wọ́n bá fi èyí tó tóbi jù síbẹ̀, wáyà yóò ti gbóná kí bírékà tó pa iná.

Lọ́jà, ike tó ki ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí pé bàbà inú wáyà ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ, kì í ṣe ike. Ẹ ní kí ọlọ́jà bó orí rẹ̀. Bí bàbà inú wáyà 2.5 bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó yẹ kó tó nǹkan bíi mílímítà 1.78 láti etí kan dé èkejì, ti 1.5 yẹ kó tó 1.38. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bó bá pupa dénú, bàbà ni, bí àwọ̀ fàdákà bá yọ, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Irú èyí kì í gbé iná tó bàbà, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ a sì máa dẹ̀, a sì máa gbóná. Ẹ má gbà á rárá, iye yòówù kí wọ́n tà á.

Ike PVC tó wọ́pọ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 70 digírì lọ, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa sì ń sọ abẹ́ páànù di ààrò. Níbi tí wáyà púpọ̀ bá jọ gba inú páìpù kan lókè àjà, ẹ lo 4 dípò 2.5. Èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sídìí bohóòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ onírin lára, kí ọkọ́ má baà gé e.

Ní ti àwọ̀, pupa fún iná, dúdú fún níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) ni ètò àtijọ́. Búráùn àti búlúù ni tuntun. Ọ̀kan ni kí ẹ lò jákèjádò ilé, kí ẹ sì ra wáyà aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò fún ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) lọ́jọ́ kan náà.