Bí mo ṣe wá ìgbọ̀nrìrì magnetar SGR 1806-20 rí nínú dátà

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni SGR 1806-20 bú gbàmù. Magnetar ni: ìràwọ̀ neutron tó wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, tí agbára òòfà rẹ̀ sì pọ̀ kọjá sísọ. Ìbúgbàmù náà gan-an kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìrù iná tó tẹ̀ lé e lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 7.56 ló ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣú, bí ìràwọ̀ náà ti ń yí.

Lọ́dún 2005, onímọ̀ ìràwọ̀ G. L. Israel àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ìmọ́lẹ̀ inú ìrù yẹn ń gbọ̀n, ní nǹkan bí 18, 30 àti 92.5 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Kò sí ohun èlò tó lè wọ inú ìràwọ̀ neutron lọ wo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí náà, tí èèpo rẹ̀ bá gbọ̀n, ohùn tó bá fọ̀ ni a ó fi mọ bó ṣe le tó àti bó ṣe nípọn tó.

Dátà RXTE, sátẹ́láìtì tó ń wo X-ray láti ojú sánmà, wà ní gbangba nínú àká HEASARC ti NASA. Nígbà tí iná yẹn dé, ibòmíràn ni RXTE kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ ni X-ray náà gbà wọlé, ó sì tún pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo ṣàtúnṣe àkókò sí àárín gbùngbùn ètò oòrùn, mo ka fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) sínú abala àkókò kéékèèké, 4096 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n lè rí ìgbọ̀nrìrì títí dé 2048 Hz. Stingray, tó jẹ́ àkójọ irinṣẹ́ Python, ló bá mi ṣe Fourier, ìyẹn ìṣirò tó ń fi hàn bí agbára ìgbọ̀nrìrì ṣe pọ̀ tó ní Hz kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ da gbogbo ìrù náà pọ̀. Yíyí ìràwọ̀ náà ló gba ojú gíráàfù, ó ga fíofío lápá ìsàlẹ̀, níbi tí Hz ti kéré. Ní 92.5, kò sí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: ìgbọ̀nrìrì yẹn kì í fìgbà gbogbo hàn. Àárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 170 sí 220 lẹ́yìn ìbúgbàmù ló ti jáde, ó sì jẹ́ ní apá ìyípo tó jìnnà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ga jù. Mo wá gé apá yẹn nìkan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, mo pín in sí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mo ṣírò agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wá ìpíndọ́gba wọn. Ariwo lásán yẹ kó dúró sí 2 nínú ìlànà Leahy, tó jẹ́ òṣùwọ̀n tí mo fi wọn agbára náà, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ náà nílò àkókò kíún lẹ́yìn fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kó tó ka òmíràn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú yẹn ni òkè kan ti yọ gedegbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ 92. Inú mi dùn débi pé mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún yọ.

Ìṣirò ló kàn. Tí èèpo bá ń lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, iye Hz rẹ̀ ń bá √[(l−1)(l+2)] lọ, l sì jẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú ìràwọ̀ náà ṣe pín. Ká ní 29 Hz, ìyẹn èyí tí Israel pè ní nǹkan bí 30, ni l = 2, tí gbòǹgbò yẹn jẹ́ 2. Fún l = 6, gbòǹgbò náà jẹ́ 6.32, èyí sì gbé wa dé nǹkan bí 92 Hz. Ó bára mu dáadáa!

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Strohmayer àti Watts tún rí 625 Hz nínú iná kan náà. Tí èyí bá jẹ́ ìgbọ̀nrìrì tó ń gba inú èèpo kọjá sókè-sódò, tí 29 sì ń yí ìràwọ̀ náà ká, ìfiwéra méjèèjì á sọ bí èèpo ṣe nípọn tó sí rédíọ̀sì. Ìṣirò wéréwéré tèmi fún mi ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100, ìyẹn bí 700 mítà tí rédíọ̀sì bá jẹ́ kìlómítà 10. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé òòfàmọ́lẹ̀ (gravity) ìràwọ̀ náà ń dín iye Hz méjèèjì kù bákan náà, kò sì lè yí ìfiwéra wọn padà.

Ṣùgbọ́n 18 Hz ò gbà. Tí 29 bá jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá fún èèpo, kò sáyè fún 18 lábẹ́ rẹ̀. Onímọ̀ físíìsì Yuri Levin sì ti fi hàn pé agbára òòfà so èèpo mọ́ inú lọ́hùn-ún, débi pé èèpo kò lè dá gbọ̀n pẹ́ kí inú tó fa agbára rẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé inú lọ́hùn-ún ni 18 Hz ti ń wá, pé ìṣirò 92 tó dùn mọ́ mi yẹn kò sì lè dá dúró láìka inú kún un. Sátẹ́láìtì RHESSI, tí ẹ̀rọ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti RXTE, rí 18 Hz náà, ó tún rí 26 Hz, nítorí náà a ò lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi.