Bíìlì Iná Ni Wọ́n Ní Kí N Mú Wá

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà ní Arizona, ni gbogbo ẹni tó ń kí mi káàbọ̀ ń béèrè. Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ mọ́tò tí mo háyà níbẹ̀ fún yín, torí ó ṣì ń dùn mí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí Atlanta tí mi ò lè gbéra, owó tí mo sì san kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ fi 410 dọ́là ju iye tí mo ti ṣírò sílẹ̀ lọ.

Ti físà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, mi ò ní í fi ìyẹn dá yín dúró, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni. Ètò mi ni pé kí n wọ bàálù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Atlanta, kí n háyà mọ́tò, kí n gba Birmingham dé Memphis, kí n bọ́ sórí ọ̀nà márosẹ̀ I-40, kí n sì máa lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn títí màá fi rí òkun ní Los Angeles. Ó tó 3,500 kìlómítà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ní òun á bá mi lọ, pé a ó jọ máa wà á ni. Kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ bá háyà mọ́tò kì í gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, bó ti wù kó ní láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà tó. Bí èmi nìkan ṣe di dírẹ́bà nìyẹn.

Ìbàdàn ni mo ti búùkù mọ́tò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé ẹ̀ka wọn tó wà nígboro dínwó gan-an ju ti pápákọ̀ òfuurufú lọ, torí oríṣiríṣi owó ni wọ́n ń lé lórí ti pápákọ̀. 720 dọ́là, pẹ̀lú owó pé mo fẹ́ já mọ́tò sílẹ̀ ní ìlú mìíràn. Mo yin ara mi. Mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi wá wo fóònù. Àṣé àfọwọ́fà ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ gbé e. Ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà ń rẹ́rìn-ín, ó ní káàdì dà. Mo fún un ní káàdì àkáǹtì dọ́là mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sókè síbi iná, àfi bí ìyá ọlọ́jà tó gba náírà tí kò dá a lójú. Ó ní kì í ṣe kírẹ́díìtì káàdì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó mi ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe gbèsè. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú irú káàdì yẹn wá sí ẹ̀ka àwọn gbọ́dọ̀ mú bíìlì iná tàbí ti omi wá, tó ní orúkọ ẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé ẹ̀ ní Atlanta.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Àwa tí wọ́n máa ń gbé bíìlì wá bá nílé lóṣù tí iná ò dé rárá, àwa náà ni wọ́n tún wá ń béèrè bíìlì iná lọ́wọ́ wa ní Amẹ́ríkà! Mo ní àlejò ni mí, Nàìjíríà ni mò ń gbé. Ó ní òun gbọ́, ó sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú bíìlì tiwọn lọ. Orúkọ ọkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọn ò gbà á. Ó ní kí òun kúkú fi kírẹ́díìtì káàdì òun háyà ẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ òun ló máa fọwọ́ síwèé, òun ni gbogbo ẹ̀bi mọ́tò náà á wà lọ́rùn ẹ̀, bí mo bá há a mọ́ ìdí tírélà ní Texas. Ọkọ ẹ̀ gbọ́ ìyẹn lálẹ́ Sátidé, ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Àbúrò, má bínú. Ìyàwó mi ò lè fọwọ́ síwèé mọ́tò tí kò ní sí nínú ẹ̀." Ẹnì kankan ò fọhùn mọ́ títí a fi jẹun tán. Inú bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá sọ náà nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ka yẹn ò ṣí.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo gbé ìbínú mi lọ sí pápákọ̀, sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ kan náà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo káàdì mi, kò tiẹ̀ mẹ́nu ba bíìlì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí màá fi padà sílé ló béèrè. Mo ṣí i lórí fóònù. Ó parí! Ohun tó tún dá wa dúró díẹ̀ ni orúkọ: láísẹ́ǹsì Nàìjíríà fi orúkọ bàbá mi ṣíwájú, káàdì fi tèmi ṣíwájú, ó rò pé ẹni méjì ni wá. Ìwé ìrìnnà ló yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó di 1,130 dọ́là, wọ́n sì tún ti 300 dọ́là mọ́ inú àkáǹtì mi bí owó ìdúró, tí wọn ò gbà, tí èmi náà ò sì lè fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì káàdì, pápákọ̀ ni kó yà sí láti ilẹ̀, kó má wo ti ẹ̀dínwó. Kó sì pe ẹ̀ka yẹn gan-an lórí fóònù kó tó sanwó.

Ìwakọ̀ fúnra ẹ̀ ò le. Apá ọ̀tún la jọ ń wà, bíi tiwa láti 1972. Oríta tí wọ́n gbé STOP sí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ rú mi lójú, títí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ní, "Ọ́ńkù, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ lọ." Lóòótọ́ ni wọ́n ń dúró de ara wọn! Ní Birmingham a yà sí ṣọ́ọ̀ṣì 16th Street Baptist, níbi tí bọ́ǹbù ti pa ọmọbìnrin mẹ́rin ní 1963. Ní Memphis, òdòdó ṣì wà lára irin bálíkónì níwájú yàrá 306 tí wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn Little Rock ni epo fẹ́ tán. Mo ki káàdì bọ ẹ̀rọ epo, ó ní kí n tẹ ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò mi. Mo tẹ ti Ìbàdàn, èyí tí 200 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà ni tiwa, márùn-ún ni ẹ̀rọ mọ̀. Mo tẹ ti Atlanta, ó kọ̀. Mo bá wọlé lọ bá obìnrin tó ń ta gúgúrú àti sìgá, mo kó 40 dọ́là sílẹ̀, mo ní ẹ̀rọ epo nọ́ńbà 6 ni mo wà. Epo kún ní 31, ó ka 9 padà fún mi. Bí mo ṣe ń rà á nìyẹn títí dé California, ẹ máa ní owó lọ́wọ́.

Lẹ́bàá Amarillo, mọ́tò Cadillac mẹ́wàá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ látorí, tí ìdí wọn nà sókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dà kọ orúkọ ìyá ẹ̀ sára ọ̀kan. Flagstaff tutù bí omi fíríìjì, torí ó ga tó 2,100 mítà, síwẹ́tà kan péré ni mo sì dì. Grand Canyon nìyí o: 35 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún mọ́tò kan ní 2024 yẹn, ọjọ́ méje lèèyàn sì lè fi wọlé wọ̀de. Mo sún mọ́ etí ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ wa. Ìsàlẹ̀ wa! Mi ò rí fọ́tò kan tó jọ ohun tí mo rí, nítorí náà ẹ yéé béèrè.

Mo dá mọ́tò padà ní Los Angeles láìfara ha nǹkan kan, èmi nìkan ni mo wà á dé ibẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó tú 300 dọ́là mi sílẹ̀ nínú àkáǹtì. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán lẹ́tà kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti wọ ọ̀nà tí wọ́n ń sanwó fún lórí I-10 ní Los Angeles láìmọ̀, ilé iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún mi ló bá mi san án, wọ́n sì ti bu èlé lé e. Orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀ gàdàgbà, àdírẹ́sì Atlanta wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi náà ti wá ní bíìlì.