Áàpù Java tó ń pẹ́ kó tó jí lórí Tomcat: bí a ṣe ń mú un yára

Ẹ tún ìlà kan ṣe nínú áàpù, ẹ deploy (ẹ gbé e sórí Tomcat, sáfà tó ń tan áàpù Java), ẹ wá jókòó ti kọ̀ǹpútà títí tí yóò fi jí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Lágéré tàbí Mayfair nílùú Ilé-Ifẹ̀, tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba bátìrì ìnfátà ló kù, mọ̀ pé ìjókòó yẹn kì í dùn.

Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú gba sáfà tí mẹ́mórì rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ.” Mo máa ń ní kó rọra. Bí Tomcat bá ń pẹ́, ó sábà jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe. Ẹ wá iṣẹ́ ọ̀hún rí ná, kí ẹ tó náwó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí àkókò ń lọ

Ẹ ṣí catalina.out nínú fódà logs. Fún WAR kọ̀ọ̀kan (áàpù tí a dì sínú fáìlì kan ṣoṣo), Tomcat máa ń kọ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, “Deployment of web application archive”, tí “has finished in” sì wà lápá ìparí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan àti ms. 1,000 ms ni ìṣẹ́jú-àáyá 1. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, òun lẹ máa fi wọn gbogbo àtúnṣe tó kù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ràn yín lọ́wọ́.

Lọ́ọ̀gì á sọ bó ṣe pẹ́ tó, àmọ́ jstack, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tí Java ń ṣe lọ́wọ́ hàn, ló máa sọ ohun tó dá a dúró. Inú JDK (àpótí irinṣẹ́ Java) ló wà. Nígbà tí Tomcat bá dákẹ́ lọ gbári, ẹ ṣí tẹ́míná mìíràn, ẹ fi jps wá nọ́ńbà Tomcat (ká ní 4127 ni), kí ẹ wá tẹ:

jstack 4127 > ibi-to-wa.txt

Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ wá thread (okùn iṣẹ́ kan nínú Java) tí ContextConfig tàbí HostConfig wà nínú rẹ̀. Bí StandardJarScanner bá ń yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, JAR (fáìlì tí a di kóòdù láíbìrì sí) ni Tomcat ń tú wò. Bó bá jẹ́ Hibernate tàbí JDBC, tí Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, lẹ rí, dátábéèsì ló ń dúró dè. Bó bá sì jẹ́ SecureRandom (apá Java tó ń ṣe nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò), ẹ fo lọ sí ìgbésẹ̀ 4. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dín JAR tí Tomcat ń tú kù

Ibí ni mo ti máa ń rí àǹfààní tó pọ̀ jù. Láti ìgbà tí Servlet 3.0 (ìlànà tí sáfà Java ń tẹ̀ lé) ti jáde ní 2009, sáfà gbọ́dọ̀ wo inú gbogbo JAR tó wà nínú WEB-INF/lib, bóyá annotation (àmì tó ń fi @ bẹ̀rẹ̀ nínú kóòdù) tàbí web-fragment.xml (web.xml kékeré ti inú JAR) wà níbẹ̀. Tomcat tún máa ń wá fáìlì TLD, tó ń ṣàlàyé àwọn tag tí JSP (ojú ewé tí sáfà ń hun) ń lò. Ó wá dà bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ lásán, tó ń tú igbá gbogbo ọlọ́jà wò.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí ẹ ò lò. Ẹ tẹ mvn dependency:tree (mvn ni Maven, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ áàpù Java), ẹ ó rí i pé láíbìrì kan tí ẹ pè ti kó ẹbí àti ará rẹ̀ dání. Ẹ fún JUnit àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà fún ìdánwò ní scope test, kí ẹ fún servlet-api ní provided, torí Tomcat ti ní tirẹ̀. mvn dependency:analyze náà máa ń tọ́ka sí àwọn tí kò jọ pé ẹ ń lò, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá: kì í rí láíbìrì tó jẹ́ pé ìgbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ ló tó wúlò, irú bíi dráfà dátábéèsì.

Fún àwọn JAR tó kù, ẹ ṣí conf/catalina.properties, ẹ wá tomcat.util.scan.StandardJarScanFilter.jarsToSkip. Orúkọ ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi kọ́mà ya tiyín sẹ́yìn wọn, bí àpẹẹrẹ:

hibernate-core*.jar,poi-*.jar,itext*.jar

Kí ẹ lè mọ àwọn tí kò ní TLD kankan nínú, ẹ fi ìlà yìí sínú conf/logging.properties, kí ẹ sì tún Tomcat tàn. Orúkọ wọn á jáde nínú lọ́ọ̀gì:

org.apache.jasper.servlet.TldScanner.level = FINE

Ẹ má fi JSTL (láíbìrì tag JSP) kún un o, bí ẹ bá ń lò ó. Ojú ewé JSP yín ò ní jáde mọ́.

Bó bá jẹ́ inú web.xml lẹ ti kọ gbogbo servlet yín, ẹ lè fi metadata-complete="true" sára web-app, kí ẹ sì fi <absolute-ordering/> lásán sínú rẹ̀. Ìyẹn á ní kí Tomcat má wá annotation àti web-fragment kiri mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbára lé @WebServlet, tàbí tó jẹ́ Spring tí kò ní web.xml lẹ ń lò, ẹ má dán an wò. Áàpù á jí wéré lóòótọ́, ojú ewé kan ò sì ní ṣí.

Ìgbésẹ̀ 3: Dátábéèsì

Bí hibernate.hbm2ddl.auto bá wà ní update, Hibernate á máa yẹ gbogbo tábìlì wò ní gbogbo ìgbà tí áàpù bá ń jí. Lórí sáfà táwọn oníbàárà ń lò, none ló yẹ kó jẹ́. Ẹ tún wo initialSize connection pool yín (iye ìsopọ̀ dátábéèsì tó ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀): 10 ni Tomcat JDBC Pool máa ń ṣí bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, ìyẹn sì lè falẹ̀ tí dátábéèsì bá wà lórí sáfà tó jìnnà. 1 tàbí 2 tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: SecureRandom

Sáfà àtijọ́ nìkan lèyí kàn. Bí kernel Linux yín bá ti dàgbà ju 5.6 ti 2020 lọ, ẹ fi -Djava.security.egd=file:/dev/./urandom sínú CATALINA_OPTS (àṣẹ tí Tomcat ń fún Java nígbà tó bá ń jí).

Ìgbésẹ̀ 5: Bí áàpù bá pọ̀ lórí Tomcat kan

Tomcat máa ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi startStopThreads="0" sára Host nínú server.xml, yóò lo gbogbo CPU tó bá rí. Tó bá jẹ́ áàpù kan ṣoṣo lẹ ní, kò ní ṣe yín ní àǹfààní.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má fi dátà ṣòfò lórí WAR

Bí sáfà bá wà ní Yúróòpù tó sì jẹ́ dátà fóònù lẹ fi ń gbé WAR lọ láti Ifẹ̀, ìrìn àjò yẹn lè gba àkókò ju deploy gan-an lọ. JAR tí ẹ ò fọwọ́ kàn ló sì pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Bí Maven bá ti ṣe tán, ó máa ń fi fódà tí a ti tú sílẹ̀ sínú target. Òun ni kí ẹ fi rsync, tó ń da fáìlì kọ sórí sáfà, ránṣẹ́ (ká ní alajeseku lorúkọ áàpù yín):

rsync -rz --checksum --delete target/alajeseku/ safa:/opt/ipese/alajeseku/

Fáìlì tó yí padà nìkan ló máa rìn. Ẹ má yọ --checksum, torí Maven lè yí àkókò ara fáìlì padà bí inú rẹ̀ ò tiẹ̀ yí, rsync á sì rò pé tuntun ni. Bó bá ti dé ọ̀hún tán, ẹ dá áàpù dúró, ẹ dà á sínú webapps lórí sáfà fúnra rẹ̀, kí ẹ tún un tàn.

Bó bá jẹ́ WAR lẹ ṣì fẹ́ máa gbé, ẹ má gbé e tààrà sínú webapps. Tí autoDeploy (tó ń jẹ́ kí Tomcat deploy fúnra rẹ̀) bá wà ní true, Tomcat máa ń yọjú wo fódà náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 10-10, ó sì lè mú WAR tí kò tíì dé tán. Ẹ gbé e sí fódà mìíràn lórí dísìkì kan náà, kí ẹ wá fi mv sún un wọlé.

Ìgbésẹ̀ 7: Deploy léraléra

Bí ẹ bá ń deploy láì pa Tomcat, tí ìkejì ń pẹ́ ju ìkínní lọ, tí ìkẹta tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, áàpù àná ṣì wà nínú mẹ́mórì. Dráfà JDBC tàbí thread tí ẹ ò pa ló sábà dì í mú. Bọ́tìnì “Find leaks” wà nínú Tomcat Manager tó máa ń fi irú wọn hàn. Kí ẹ tó rí i tún ṣe, ẹ kúkú máa pa Tomcat kí ẹ tún un tàn, kó tó di pé OutOfMemoryError: Metaspace (àṣìṣe tó ń sọ pé mẹ́mórì ti kún) yọjú sí yín.

Bí àwọn oníbàárà ò bá lè fara da kí áàpù kú rárá, láti Tomcat 7 ni ẹ ti lè fi WAR méjì síbẹ̀ pa pọ̀: alajeseku##001.war àti alajeseku##002.war. Ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ á máa bá 001 lọ títí session rẹ̀ (àkókò tó fi wọlé) yóò fi parí, ẹni tuntun á bọ́ sórí 002. Ẹ fi òdo ṣíwájú nọ́ńbà, torí bí ọ̀rọ̀ ni Tomcat ṣe ń fi wọ́n wéra. undeployOldVersions="true" lára Host á yọ èyí tó ti gbó kúrò, bí autoDeploy bá ṣì wà ní true; bí ẹ bá ti pa á, inú Manager ni kí ẹ ti fọwọ́ yọ ọ́. Ní gbogbo àkókò tí méjèèjì bá fi wà pọ̀, mẹ́mórì áàpù méjì ni ẹ ó máa lò, nítorí náà ẹ wo -Xmx yín (ìwọ̀n mẹ́mórì tí Java ò gbọdọ̀ kọjá) kí ẹ tó gbé 002 wọlé.