Odídẹrẹ́ tó ń dá wà nílé: ẹ yéé bu oúnjẹ kún àwo kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní odídẹrẹ́ nílé, tó jẹ́ pé aago márùn-ún ààbọ̀ lẹ ti ń jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tẹ́ ẹ ò sì ní wọlé títí di aago méje, mẹ́jọ alẹ́, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Mi ò fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ kéèjì tàbí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi, ẹ mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ torí òun ni mò ń bá nílé tí mo bá ti wọ̀: ẹ ó bu oúnjẹ bámúbámú sáwo láàárọ̀, ẹ ó tan rédíò sílẹ̀, ẹ ó wá gbà pé ó ti parí. Kò tíì parí o.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ẹnì kan pè mí n'Íbàdàn pé odídẹrẹ́ òun ń pa ìyẹ́ dà. Ìgbà tí mo débẹ̀, àyà ẹyẹ yẹn ti wà níhòòhò bí adìyẹ tí wọ́n tu tán tó ń dúró de ìkòkò, ìyẹ́ aláwọ̀ eérú kún ìsàlẹ̀ kéèjì, ìkóóde méjì wà níbẹ̀ tó ti gé e láàárín. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ń dán, ìyẹ́ orí pé. Ibẹ̀ lẹ ti máa dá a mọ̀, ẹ jọ̀ọ́: àgógó ẹyẹ ò lè dé orí ara ẹ̀, torí náà tí àyà àti abẹ́ apá bá pá tí orí ò pá, òun fúnra ẹ̀ ló ń fà á tu. Ẹyẹ tó ń pa ìyẹ́ dà lóòótọ́, tuntun á ti máa yọ lábẹ́ ogbó, awọ ara kì í hàn sóde. Mo sùn síbẹ̀, mo sì jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láàárín ìṣẹ́jú 20 ó ti ṣa ẹ̀pà tó wù ú jẹ, ó da ìyókù sílẹ̀, ló bá dúró sójú kan lórí igi, ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ àyà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fà á, ó rún un lẹ́nu, ó jù ú sílẹ̀. Ó ku wákàtí 13 kí ọ̀gá ẹ̀ tó dé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹyẹ yẹn kú lóṣù kejì, egbò àyà yẹn ló kẹ̀.

Odídẹrẹ́ inú igbó, ilẹ̀ mọ́ báyìí, wíwá ẹyìn kiri ló kù, yóò fò lọ, yóò bà, yóò bó o, yóò fọ́ ọ, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n dá àgógó yẹn fún. Tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ara ẹ̀ ni yóò fi ṣe iṣẹ́.

Torí náà, ẹ fi oúnjẹ pamọ́ fún un kó máa wá a. Ẹyẹ tó wọn gíráàmù 400 sí 500, oúnjẹ ẹ̀ fún ọjọ́ kan kò ju ṣíbí ìjẹun 2 ọkà gbígbẹ lọ (ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀pà ìwọ̀nba), pẹ̀lú ṣíbí 3 ẹ̀fọ́ àti èso: ewé ugu, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, ata rodo pàápàá torí ata kì í ta ẹyẹ. Ẹyìn 2 lójúmọ́, ìyẹn ló fẹ́ràn jù. Nínú ṣíbí 2 ọkà yẹn, ìdajì ṣíbí péré ni kó wọ àwo. Ìyókù, ẹ pín in sọ́nà 6, ẹ fi háhá àgbàdo dì wọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń di ẹ̀kọ, ẹ fi háhá tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, ẹ gbé 2 kọ́ sókè, 2 sáàárín, 2 sísàlẹ̀ kéèjì. Ẹ má lo ọ̀rá, ẹ má lo tépù, ẹ má lo píìnì. Ẹyìn yẹn, ẹ fún un mọ́ inú ṣùkù àgbàdo tẹ́ ẹ ti lu ihò sí. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ lè dì í lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí náà ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò ráyè, ẹ ń ráyè tẹ fóònù.

Odídẹrẹ́ máa ń bẹ̀rù nǹkan tuntun. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ tú ẹnu háhá yẹn sílẹ̀ kó rí ẹ̀pà nínú ẹ̀, ọjọ́ 4 tó tẹ̀ lé e ẹ ká a láì so ó, ọ̀sẹ̀ kejì kẹ́ ẹ tó so ó. Ẹni tó bá so ó lọ́jọ́ kìíní, ebi ló máa pa ẹyẹ ẹ̀, á wá ní ìwé mi ò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má ní ẹyẹ ṣáà ni. Píà ń pa á, sókòlétì ń pa á, kọfí àti ọtí bẹ́ẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tó bá gbóná jù, lè pa á láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, torí náà kéèjì ò gbọ́dọ̀ wà ní kíṣìnì. Kéèjì tó kéré ju sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 60 ní jíjìn, 90 ní gíga, kò tó o.

Ẹyẹ nílò oorun wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́ tó wá ń jí ẹyẹ kó bá òun ṣeré, ó ń fìyà jẹ ẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe tiyín: ẹ jí ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tì tí fáànù ẹ̀ ò sì yí, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wọṣọ. Ọjọ́ tẹ́ ò lọ síbi iṣẹ́, wákàtí 3 níta kéèjì, ó kéré tán. Tí màmá àgbà bá wà nílé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé háhá kan kọ́ sí kéèjì ní ọ̀sán, kí wọ́n sì kí i.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra èkejì kó máa bá a ṣeré. Mi ò gbà yín níyànjú. Ẹni tí kò ráyè fún ọ̀kan, kí ló fẹ́ fi méjì ṣe, tó sì lè gbé ogójì ọdún lọ́dọ̀ yín? Èyí tí wọ́n sì ń gbé kiri nínú agbọ̀n, inú igbó ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n ń kó wọn tán. Láti January 2017 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de kí wọ́n máa kó odídẹrẹ́ igbó láti orílẹ̀-èdè kan lọ tà sí òmíì.

Gbogbo Sátidé, kó tó jẹun, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó wà ní gíráàmù 450 tó wá já sí 405, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lára ìyẹ́ ìsàlẹ̀ kéèjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́.