Ibi tí máàkì ti ń jò lọ nínú kẹ́mísírì: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ SS3 ló ti há fọ́múlà sórí bí ẹni há oríkì, síbẹ̀ tí èsì WAEC bá jáde, D7 ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Fọ́múlà kọ́ ló já wọn kulẹ̀. Wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń kà: ṣé omi ni, àbí èròjà tó wà nínú omi náà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ṣíṣan ohun èlò fún titration, ìyẹn dída ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú béèsì tí a ti wọ̀n, kí a lè mọ iye ásíìdì tí yóò bá a dọ́gba. Ẹ má ṣe fi omi nìkan ṣan bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gígùn tí a ti ń ka iye ásíìdì, kí ẹ wá da ásíìdì sí i. Omi tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ á bu omi la ásíìdì yín, ẹ ó sì lò ju iye tó yẹ lọ. Lẹ́yìn omi, ẹ bu díẹ̀ nínú ásíìdì yẹn gan-an, ẹ fi ṣàn án, kí ẹ dà á nù. Béèsì tí ẹ fẹ́ fi pìpẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí a fi ń fa béèsì, wọ̀n náà ni kí ẹ fi ṣan òun kẹ́yìn. Ti conical flask, ìgò tí a ń da béèsì náà sí, yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣọ́ra jù ti ń ṣìnà. Omi nìkan ni kí ẹ fi ṣàn án. Tí ẹ bá fi béèsì ṣàn án, èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára á di àfikún lórí 25 cm³ tí ẹ wọ̀n, ásíìdì tí ẹ ó lò á sì lé sí i. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́, torí kò fi kún béèsì, kò sì dín in kù.

Ẹ má ṣe fi ẹnu fa pìpẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ewu ni, ẹ lo rọ́bà tí a fi ń fà á. Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ìkán tó kù lẹ́nu rẹ̀ lè bọ́. Àwọn tó ṣe pìpẹ́ẹ̀tì ti ka ìkán yẹn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ àrọ kúrò lórí bùrẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ka iye rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ kò há sí ìdí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí ojú omi ti tẹ̀ ni kí ẹ kà, kí ojú yín wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ 24.10, ẹ má kọ 24.1.

Ká ní ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń dán an wò, fún yín ní 24.60, ìkejì 24.10, ìkẹta 24.00. Àwọn kan á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta, wọ́n á rí 24.23. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò fi ju 0.20 cm³ lọ jìnnà síra wọn nìkan ni kí ẹ lò: 24.05 ni ìpíndọ́gba yín. Ẹ má sì jí iye ẹlẹ́gbẹ́ yín kọ. Olùkọ́ yín náà máa ń ṣe titration yẹn, iye tirẹ̀ sì ni WAEC máa ń fi tiyín wé.

Ibi tó dùn mí jù ni Na₂CO₃ (sodium carbonate, béèsì kan), torí ó ti tan àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa. Ìpele méjì ló ń gbà bá ásíìdì HCl pàdé. Ní ìpele kìíní, ó di NaHCO₃, ibẹ̀ sì ni phenolphthalein, ọ̀kan lára àwọn èròjà aláwọ̀ tí ń fi òpin titration hàn, ti ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Ní ìkejì ni CO₂ tó jáde tán, èyí tí methyl orange, irú èròjà aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ mìíràn, ń dúró dè. Tí ẹ bá lo phenolphthalein, bí 12 cm³ ni ẹ ó rí, nígbà tó yẹ kí ẹ rí 24. Tí ẹ bá wá fi ìdọ́gba onípele méjì ṣírò, ìdajì ìdáhùn tòótọ́ ni ẹ ó kọ.

Ìdọ́gba náà nìyí:

Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂

Ká ní ásíìdì jẹ́ 0.100 mol/dm³, ẹ sì lo 24.05 cm³ fún 25.00 cm³ béèsì. Mólù ásíìdì (ìyẹn iye èròjà rẹ̀) jẹ́ 0.100 × 24.05 ÷ 1000, èyí tó jẹ́ 0.002405. HCl méjì ló ń dojú kọ Na₂CO₃ kan, nítorí náà ìdajì rẹ̀, 0.0012025, ni mólù béèsì. Ẹ fi 0.025 dm³ pín in, ẹ ó rí 0.0481 mol/dm³. Ẹni tó gbàgbé 2 yẹn á kọ 0.0962. Nígbà tó bá fi 106, ìwọ̀n mólù kan Na₂CO₃ ní gíráàmù, sọ ọ́ di gíráàmù, 10.2 g/dm³ ni yóò rí dípò 5.10.

Àìbéèrè ohun tí a ń kà yìí náà ló ń fa àṣìṣe lórí átọ́ọ̀mù. Wọ́n á yọ 17, iye pírótọ́ọ̀nù kiloríìnì, kúrò nínú 35.5, ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n á ní niútírọ́ọ̀nù kiloríìnì jẹ́ 18.5. Kò sí ìdajì niútírọ́ọ̀nù níbì kan. Francis Aston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1922, fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn pé oríṣi kiloríìnì méjì ló wà: 35, tó tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti 37, tó jẹ́ ìdá tó kù. Ìpíndọ́gba wọn ni 35.5. Niútírọ́ọ̀nù ọ̀kan jẹ́ 18, ti èkejì jẹ́ 20. Bákan náà, ẹ má rí àmì + lórí Na⁺ (sódíọ̀mù) kí ẹ kọ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù 12. Ó ti sọ ọ̀kan nù ni: pírótọ́ọ̀nù 11, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù 10.

Nínú ṣíṣe ìdánimọ̀ iyọ̀, ẹ má fi HCl sí omi iyọ̀ kí ẹ tó fi AgNO₃ (silver nitrate) wá Cl⁻ (chloride), torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti gbé Cl⁻ wá síbẹ̀. Ásíìdì HNO₃ tí a bu omi là ni kí ẹ lò. Ẹ má sì da NaOH (sodium hydroxide) lu iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Zn²⁺ (zinc), Al³⁺ (aluminium) àti Pb²⁺ (òjé), gbogbo wọn ló ń fún yín ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ẹ bá kán an díẹ̀díẹ̀, tó sì ń yòrò tí NaOH bá pọ̀. Ẹni tó bá dà á lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè má rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan. Amóníà ló máa ya Zn²⁺ sọ́tọ̀, torí tirẹ̀ nìkan ló ń yòrò nínú èyí tó pọ̀. Láti mọ Al³⁺ yàtọ̀ sí Pb²⁺, ẹ bu omi iyọ̀ náà tuntun, ẹ kán KI (potassium iodide) sí i: Pb²⁺ á di yẹ́lò, Al³⁺ kò ní yí padà.